Irúgbìn Inú Àpótí

Jókòó, Àtàndá. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ ni mo bá wá, ṣùgbọ́n n kò ní í fi í bẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá fi í bẹ̀rẹ̀, wàá dìde kúrò níwájú mi bí o ti ṣe lánàá. Èmi ni mo tẹ̀lé bàbá rẹ. Kò sí ẹni tó kù nínú ilé yìí tó lè bá ọ wí bí kò ṣe èmi. Mo ti ránṣẹ́ pe ọlọ́kọ̀. Kí ó tó dé, gbọ́ àkàwé kan lẹ́nu mi. Bí mo bá parí rẹ̀ tán tí o sì fẹ́ lé mi jáde, kí o lé mi.

Àgbẹ̀ kan ń bẹ ní abúlé kan lókè odò, níbi tí ilẹ̀ ti di pápá, tí igi kò pọ̀. Òjò ibẹ̀ kò dà bí ti ìsàlẹ̀ níhìn-ín, tí a máa ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni ìgbà òjò tiwọn ń wá. Bí ó bá dé, wọ́n á gbìn. Bí ó bá lọ, ó di àmọ́dún. Ẹni tí òjò náà bá kọjá lórí rẹ̀ kò ní òmíràn tí yóò dúró dè.

Ọkùnrin náà ní ìyàwó kan àti ọmọbìnrin méjì. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má bàa rò pé ìtàn ọ̀lẹ ni mo ń sọ fún ọ. Ebè rẹ̀ ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ, èpò kì í sì í pẹ́ nínú oko rẹ̀.

Ní abúlé náà, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbàdo gbígbìn. Bí wọ́n bá kórè tán, wọ́n á ṣa èyí tó yọmọ dáadáa jù. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀ sẹ́yìn láìjá a, wọ́n á fi èèpo náà so wọ́n pọ̀ ní ìdì mẹ́ta. Ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lọ sórí àjà, lókè ààrò, níbi tí èéfín ti ń bá a láàárọ̀ àti lálẹ́. Èéfín á sọ ọ́ di dúdú, kòkòrò kò sì ní í sún mọ́ ọn. Bí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, ìdì kan ni wọ́n ń tú, nítorí òjò àkọ́kọ́ a máa purọ́. Bí ó bá tún rọ̀, wọ́n á tú ìkejì. Ìdì kẹta kì í kúrò lórí àjà títí gbogbo oko yóò fi tutù yọ̀yọ̀. Ìyàwó ilé ló ń so ó, òun ló sì ń tú u. Ọkùnrin kì í na ọwọ́ sí àjà obìnrin.

Ní ọdún kan, ẹ̀rùn gùn ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ wá, ó wá pẹ̀lú agbára. Ó rọ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Àwọn ọmọdé jó nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké létí odò. Ọkùnrin náà jáde, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì. Ojúkòkòrò wá mú un. Ó wọlé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí ó tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, òjò àkọ́kọ́ ni o. Ẹ jẹ́ kí ìdì kan wà lókè."

Ó ní, "Ṣé ìwọ ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́ àgbẹ̀? Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbìn ni yóò kọ́kọ́ jẹ." Ó na ọwọ́ sí àjà, ó tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra rẹ̀.

Àgbàdo náà hù. Ó hù dáadáa débi pé àwọn ènìyàn ń yà wò ó, òun náà sì ń fẹ̀ láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni òjò lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá, kò rọ̀. Ogún ọjọ́, kò rọ̀. Ojú ọ̀run á ṣú lọ́sàn-án, atẹ́gùn á fẹ́, òjò náà á sì gba ibòmíràn lọ. Ewé àgbàdo ká, wọ́n funfun, wọ́n di ohun tí a lè fi ìka rún. Ọkùnrin náà fi kèrègbè pọn omi láti odò, ebè kan lẹ́yìn òmíràn. Kí ó tó pọn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, ti àkọ́kọ́ ti gbẹ.

Nígbà tí òjò padà, àwọn ará abúlé tú ìdì tí wọ́n fi pamọ́. Òun kò ní nǹkan tí yóò tú. Wọ́n ń bu gàrí fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ níhìn-ín, ẹ̀kúnwọ́ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ta ló ní àníṣẹ́kù ní oṣù ebi? Ọmọ rẹ̀ kékeré kú ní oṣù náà. Wọ́n ní ibà ló pa á. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ebi ló ṣílẹ̀kùn fún ibà. Àwọn aládùúgbò ló sin ọmọ náà sẹ́yìn ilé. Wọn kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí ojú òbí kì í rí irú rẹ̀. Ó jókòó sínú yàrá, ó ń gbọ́ ìró ọkọ́.

Ọjọ́ náà ni ẹ̀rù wọ inú rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Bí àrá bá sán, á sáré wọlé. Bí ọmọ tó kù bá sùn pẹ́, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ihò imú rẹ̀, bóyá ó ṣì ń mí. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, á pín in sí méjì, á fi ìlàjì pamọ́, ìlàjì náà á sì bàjẹ́. Àwọn ènìyàn ní ó ti gbọ́n báyìí. Àtàndá, ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n.

Nígbà tí ọdún yípo, ìyá ìyàwó rẹ̀ ru ìdì àgbàdo mẹ́ta wá láti abúlé tirẹ̀, ìrìn odidi ọjọ́ kan lórí ẹsẹ̀ arúgbó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lé orí àjà. Ó ní, "Àna mi, ẹ dákun, ẹ fojú sí i o. N kò ní òmíràn."

Ó fojú sí i. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò níbẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń dúró sábẹ́ àjà, á gbójú sókè, á ka ìdì náà, á tún un kà. Ó rò pé eku lè gùn ún. Ó rò pé ẹ̀ta iná lè ta sí i láti inú ààrò. Ó rò pé olè lè gba ojú fèrèsé ilé ìdáná wọlé. Ní ìparí rẹ̀, ó rò pé ìyàwó òun gan-an lè tú u lọ gbìn kí àkókò tó tó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí obìnrin náà lọ sódò, ó gbé ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kó wọn sínú àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó fi àgádágodo tì í. Ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn ṣòkòtò.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé tó rí àjà lófìfo, ó figbe ta. Ọkọ rẹ̀ ní, "Pa ẹnu mọ́. Ọwọ́ mi ló wà."

Obìnrin náà ní, "Èéfín ńkọ́?"

Ó ní, "Èéfín kì í lé olè."

Obìnrin náà wo kọ́kọ́rọ́ tó ń mì nídìí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn nítorí ekòló, kò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òjò rọ̀. Àwọn ará abúlé tú ìdì kan, ọkùnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ó káre, ó ti kọ́gbọ́n. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, kò sí ẹni tí kò lọ sóko. Òun náà lọ. Ó ki ọwọ́ bọ inú ebè, ọ̀rinrin dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Lójú àwọn ará abúlé náà, bí ọ̀rinrin bá ti dé ìgbọ̀nwọ́, kò ku ohun tí à ń bi ilẹ̀ mọ́. Ó yọ ọwọ́ jáde, ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn títí dókè. Ó wò ó títí, ó ní, "Kò tíì dénú."

Ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Àgbàdo àwọn yòókù dé orúnkún. Ebè tirẹ̀ dúró lásán, òjò sì ń fá wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àparò tí ń hú àgbàdo jẹ ń fò kọjá lórí oko rẹ̀, wọn kò bà.

Ọkùnrin kan wà tí oko rẹ̀ bá ti ọkùnrin yìí pààlà. Ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, ọkọ́ léjìká. Ó rí ebè tó ṣófo. Ó rí ọmọ tó rù, tó fara ti ògiri. Ọ̀rọ̀ á dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, á sì gbé e mì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, ẹni tó ti sin ọmọ, ta ni yóò bá a jiyàn? Á ní, "Ẹ kú ìjókòó o," á sì kọjá lọ.

Nígbà náà ni ìró kan bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ni ọkùnrin náà máa ń gbọ́ ọ, bí ilé bá dákẹ́ tó sì dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn. Ìró náà kéré, ó sì ń lọ láìdáwọ́dúró. Ó dà bí ìgbà tí òjò wẹ́wẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, lọ́nà jíjìn. Ó dìde, ó jáde wò. Oòrùn mú. Ó padà sùn, ìró náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ròkè díẹ̀. Ọkùnrin náà pe ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ní, "Òjò gidi ń bọ̀. Mò ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe eléyìí tó ń rọ̀ yìí. Èyí tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni n ó gbìn sí."

Obìnrin náà kò gbọ́ nǹkan kan níbi tó dúró sí nínú ilé ìdáná. Ó di ọjọ́ kan tó wọ yàrá wá gbálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gbọ́ ọ. Ó dúró sójú kan. Ó kúnlẹ̀, ó fi etí lé orí àpótí.

Ó ní, "Baálé mi, ẹ ṣí àpótí yìí."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Òjò ni."

"Ẹ dákun, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ṣí i."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó ní, "Bí mo bá ṣí i, wàá lọ gbìn ín. Bí o bá gbìn ín, ilẹ̀ á gbé e mì. Ọmọ kan ló kù fún wa."

Obìnrin náà ní, "Ọmọ kan tó kù yẹn náà ni mò ń wò."

Kò ṣí i. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ náà, ó bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ó di ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ ti dàgbà kọjá ohun tí à ń pọ̀n, ó sì gba ọ̀nà abúlé ìyá rẹ̀ lọ nínú òjò. Ọkọ rẹ̀ kò dá a dúró. Ó ń tẹ́tí sí ìró.

Ó ku òun nìkan. Ìró náà ń lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ náà bà á lẹ́rù ju ohun gbogbo lọ. Ó dúró kí ìró náà padà, kò padà. Ó wá tú kọ́kọ́rọ́ nídìí, ó ṣí àpótí. Ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn síbẹ̀, èèpo wọn so pọ̀ bí ìyá ìyàwó rẹ̀ ti so wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n pé." Ó gbé ọ̀kan, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Hóró kọ̀ọ̀kan ní ihò kékeré kan lójú. Ó tẹ̀ wọ́n, wọ́n fọ́, lẹ́búlẹ́bú funfun dà gba àárín ìka rẹ̀, kòkòrò wẹ́wẹ́ sì ń gun apá rẹ̀ bọ̀ wá sókè.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà ru àpótí lọ sóko. Ó ń fi ọkọ́ gbẹ́ orí ebè, ó ń bu lẹ́búlẹ́bú náà sí i, ó ń fi ẹsẹ̀ bò ó. Ó ṣe ebè kan, ó ṣe èkejì, ó ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Aládùúgbò rẹ̀ rí i láti ìhà kejì ààlà. Ó sáré lọ sílé, ó tú ìdì kẹta tirẹ̀ lórí àjà, ó gbé e wá, ó sì bá a gbìn ín nínú òjò náà. Àgbàdo náà hù. Ó dé àyà ènìyàn. Ẹ̀rùn bá a níbẹ̀ kí ó tó yọmọ, ó gbẹ lórí ìdúró.

Ọmọbìnrin náà dé abúlé ìyá àgbà rẹ̀ láàyè, nítorí ìyá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ tó fi gbé e sá. Wọn kò padà wá mọ́. Bàbá rẹ̀ ń lọ sóko láràárọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sórí ebè, á fi etí tì í. Wọ́n ní ó ń tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ohun tí òun gbìn ń hù.

Àtàndá, o ti mọ ibi tí mò ń lọ. Má wo ilẹ̀. Èmi ni kí o wò.

Ìwọ àti Mọ́rádékẹ́ ti sin ọmọ kan. Mo wà níbẹ̀. Ẹ gbé oyún lọ sílé ìwòsàn, ẹ bọ̀ lọ́wọ́ òfo, n kò sì jẹ́ sọ fún ọ pé kí o gbàgbé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí èyí ti dúró, o gba káàdì ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ̀, o tì í mọ́ àpótí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nídìí rẹ. O ní ilé ni yóò bí i sí, lójú rẹ, níbi tí ẹnì kan kò ti ní í fọwọ́ kàn án. O mú un kúrò níbi tí wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀, o sì ń pe ìyẹn ní ìtọ́jú. Oṣù rẹ̀ ti pé báyìí. Ojú rẹ̀ wú. Ó ní orí ń fọ́ òun láti àná, ó ní ojú òun ń ṣe bàìbàì. Láàárọ̀ yìí tí mo wọlé, tí a jọ ń gbọ́ bó ṣe ń kérora nínú yàrá, o rẹ́rìn-ín sí mi. O ní ọmọ ló ń yíra padà, o ní àmì ayọ̀ ni.

Ìró yẹn kì í ṣe ìró òjò.

Ìyàwó ọkùnrin yẹn ní ẹsẹ̀ tó fi sá. Ẹsẹ̀ ìyàwó tìrẹ ti wú, kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ìwọ nìkan lo lè gbé e jáde.

O lè bi mí pé kí ló kàn mí. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógójì tí n kò ti rí oorun gidi sùn. Mo dáko lókè odò nígbà èwe mi, èmi ni mo bá ọkùnrin náà pààlà. Èmi ni mò ń gbé ọkọ́ léjìká kọjá lọ láràárọ̀, tí mò ń kí i pé ó kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ǹ bá sọ, bóyá á gbọ́, bóyá kò ní í gbọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́. N kò ní í gbé irú ẹ̀ méjì wọ sàréè.

N kò ṣèlérí nǹkan kan fún ọ. Òjò a máa purọ́, ilé ìwòsàn náà a sì máa ṣe é tì nígbà mìíràn. Ẹ̀rù ń ba èmi náà bí mo ti jókòó yìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irúgbìn tó bọ́ sílẹ̀ lè hù, ó sì lè má hù. Èyí tó wà nínú àpótí, mo fi ojú mi rí òpin rẹ̀. Jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà ọ́, kí o sì gbé e bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ti dé, mo gbọ́ ọ níta. Dìde.

Dúró ná. Tẹ́tí sí yàrá yẹn. Ṣé ìwọ ṣì ń gbọ́ nǹkan kan? Èmi kò gbọ́ ọ mọ́.

Mú kọ́kọ́rọ́ náà wá, Àtàndá.